Ìfẹ̀yìntì Etí Àtijọ́

Ní Tartu, yìnyín ti ń bọ́ láti ìrọ̀lẹ́ àná,
odò Emajõgi ti le bí àwo tánganran.
Èmi Maarika jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ife kọfí kẹta lọ́wọ́ mi,
mò ń ka orúkọ àwọn tí a fẹ́ yọ níṣẹ́:
Bí-wọ́n-bá-tẹ̀,
Bí-ọwọ́-bá-kọjá-lórí-mi,
Bí-ojú-ìwé-bá-ṣí-tán,
tí a so mọ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan létí
bí yẹtí.

Ülo ló so wọ́n, ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn,
nígbà tí ilé-iṣẹ́ wa jẹ́ yàrá kan lókè ilé búrẹ́dì.
Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́:
kí ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan
mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún gbọ́.
Bọ́tìnnì gbogbo wá ní etí tirẹ̀,
títí ojú-ìwé kan fi ní ẹgbẹ̀wá etí
tí ẹnikẹ́ni ò mọ èyí tó gbọ́ kí ni.

Ní báyìí a ti rí ọgbọ́n mìíràn:
etí kan péré, lẹ́nu ọ̀nà.
Ìtẹ̀ yòówù, láti yàrá yòówù,
á gòkè bí èéfín ààrò,
aṣọ́nà á gbóòórùn rẹ̀, á bi í pé, ta ló rán ọ?

Ọdún méjì la fi kìlọ̀.
Ẹ má lo èyí mọ́, ó ń lọ.
Ibi tí àwa akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìkan ń wò la kọ ọ́ sí,
bí ẹni lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ inú àpótí
tó wá ti àpótí pa.
A ní kí wọ́n fẹ̀yìn tì.
Ògiri wo? Ọ̀rọ̀ ò ní ẹ̀yìn.
A fẹ́ pa wọ́n rẹ́ ni, a wá fi orúkọ rere bò ó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ku díẹ̀, mo pa wọ́n rẹ́.
Ìlà ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá.
Gbogbo àyẹ̀wò yọ àwọ̀ ewé.
Kaur ra búrẹ́dì aládùn fún gbogbo wa.

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù dún láti erékùṣù Hiiumaa.
Leida ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ó fẹ́ gba ìwé ọkọ̀ ojú omi
kó lè lọ rí dókítà ojú ní Tallinn.
"Mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn.
Mo rò pé ojú mi ni. Mo nu dígí.
Mo pọ́n ìka lá, mo tún un tẹ̀.
Nígbà tó yá, mo bẹ̀ ẹ́."

Mo wá ojú-ìwé náà rí:
bọ́tìnnì kan, àwọ̀ búlúù tó ti ṣá,
tí Ülo ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọlọ́kọ̀,
àti létí rẹ̀, Bí-wọ́n-bá-tẹ̀,
tó rọ̀ dirodiro bí yẹtí létí òkú.

Mo pe Ülo. Orí adágún Peipsi ló wà,
ó ju okùn ìpẹja sínú ihò omi dídì.
"Ṣé kí n dá a padà?"
Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ fèsì.
"Má dá nǹkan kan padà nítorí tèmi.
Etí yẹn ti gbọ́ tó, kó sinmi.
Kí lo sọ fún ìyá náà?"
Mo ní mi ò tíì sọ nǹkan kan.
Ó ní, "Ẹja ń fà," ó pa fóònù.

Ìlà mẹ́ta péré ni àtúnṣe rẹ̀.
Ìlà mẹ́ta! Ẹni tó tẹ̀ ò bá má tẹ́.
Mo pe Leida, mo ní, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò.
Mo gbọ́ èémí rẹ̀, mo gbọ́ aago ara ògiri rẹ̀.
Kò sọ pé ó ti ṣiṣẹ́.
Ohun tó sọ ni pé, "Ó ti gbọ́."

Ó ku ojú-ìwé mẹ́tàdínlógójì
tí mi ò tíì ṣí.